Ta Ló Ni Ìwé Àlejò? Ọlọ́pàá, Onílé Ìtura àti Òfin

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ agbẹjọ́rò sọ níbi àpérò ayẹyẹ ọdún kẹwàá, ní Ìjẹ̀bú Òde)

   

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé kí n mú ọ̀rọ̀ òfin kan tó máa wúlò fún ọmọ ẹgbẹ́, kí n má sì pẹ́. Mo wo inú ẹgbẹ́ yí ká. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ìgbàlejò láàárín wa, mo ka mẹ́fà kí n tó dúró. Àwọn mìíràn ṣì ń kọ́ tiwọn lọ́wọ́. Àwọn tó kù nínú wa, ẹ ò ní òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ẹ ń sùn níbẹ̀. (Ẹ̀rín.) Bí Ojúde Ọba bá ti kù díẹ̀, ẹ mọ̀ pé yàrá máa ń wọ́n bí ojú nílùú yìí. Àwọn ọmọ wa máa ń ti London, Houston àti Maryland wá, àwọn àlejò wọn náà á bá wọn wá, gbogbo wọn á sì kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù sínú ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tó wà lórí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń gba kọ́kọ́rọ́.

Ìwé yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ọlọ́pàá bá wọlé ní aago méjì òru, tó ní, “Gbé ìwé àlejò yín wá kí n wò ó,” kí ni ọmọ tó jókòó sídìí tábìlì yẹn máa ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ gbà á síṣẹ́, ṣé ẹ ti sọ fún un?

Ibi tí mo mọ̀ tí wọ́n ti ja ọ̀rọ̀ yìí dé gbòǹgbò ni ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín dé ọ̀hún, nítorí wọ́n la ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń la obì. Lẹ́yìn náà a ó padà wálé.

Òfin tó dá ìjà sílẹ̀ wà nínú ìwé òfin ìlú Los Angeles, ìpín 41.49. Òfin ìlú ni o. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ́ ló ṣe é, ìpínlẹ̀ California kọ́ sì ni. Ó ní kí onílé ìtura máa kọ orúkọ àti àdírẹ́sì àlejò sílẹ̀, iye ènìyàn tó bá a wá, irú ọkọ̀ tó gbé wá àti nọ́ńbà ọkọ̀ náà bó bá jẹ́ pé inú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì ló gbé e sí, ọjọ́ àti aago tó dé, ọjọ́ tó máa lọ, nọ́ńbà yàrá, iye owó tó san àti bó ṣe san án. Ẹni tó bá fi owó lásán san, ẹni tó bá kàn ya wọlé láìjẹ́ pé ó ti gba yàrá sílẹ̀, àti ẹni tó bá gba yàrá fún wákàtí tí kò tó 12, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fi káàdì ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò hàn. (Mo rí i pé àwọn kan ń wo ilẹ̀ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wákàtí tí kò tó 12. Ẹ fọkàn balẹ̀, Los Angeles ni mo wí.) Wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ náà fún 90 ọjọ́.

Títí dé ibẹ̀, ẹjọ́ tí mò ń sọ yìí kò dá sí i. Gbólóhùn tó tẹ̀lé e ló dá ìjà sílẹ̀: ọlọ́pàá Los Angeles yòówù tó bá béèrè, kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ náà sílẹ̀ fún un láti yẹ̀ wò. Òfin náà kàn fi kún un pé, bó bá ṣeé ṣe, kí ó jẹ́ lákòókò àti lọ́nà tí kò ní dí òwò lọ́wọ́ jù. Onílé ìtura tó bá kọ̀ ti di ọ̀daràn lójú ẹsẹ̀: ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù 6, àti owó ìtanràn tó lè tó 1,000 dọ́là. Ọlọ́pàá kò nílò ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́. Kò pọn dandan kó sọ ẹni tó ń wá. Onílé ìtura kò sì ní ẹnì kankan tó lè ké sí pé, “Ẹ bá mi wò ó, ṣé ó yẹ kí n gbé e fún un?”

Àwọn kan tó ní mòtẹ́ẹ̀lì, tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ Patel, ló gbé ìlú náà lọ sílé ẹjọ́, àwọn àti ẹgbẹ́ àwọn onílé ìtura. Ẹni tó bá ti fi mọ́tò rin ìrìn àjò jíjìn ní Amẹ́ríkà rí á mọ orúkọ Patel dáadáa. Ọ̀pọ̀ ará Gujarat láti ilẹ̀ India ló ṣí lọ sí ọ̀hún, tí wọ́n ra mòtẹ́ẹ̀lì kékeré lẹ́bàá títì, tí ọkọ, aya àti ọmọ ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n sì jọ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n jọ ń kọ ìwé àlejò. Irú òwò ìdílé tí àwa Ìjẹ̀bú mọ̀ náà ni. Ọlọ́pàá ti wá yẹ ìwé wọn wò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn náà kò sì fẹ́.

Ẹjọ́ náà pẹ́, mi ò ní kà á tán. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá ìlú láre. Ó dé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìgbìmọ̀ kékeré dá ìlú láre níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ ńlá ilé ẹjọ́ yẹn kan náà tún un gbọ́, wọ́n yí i padà lọ́dún 2013. Ìlú gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2015, adájọ́ mẹ́sàn-án pín sí méjì: márùn-ún gbè sẹ́yìn àwọn onílé ìtura, mẹ́rin kọ̀. Obìnrin kan, Adájọ́ Sonia Sotomayor, ló kọ ìdájọ́ náà.

Kí ló sọ? Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í gbọ́. Kò sọ pé ọlọ́pàá kò gbọ́dọ̀ rí ìwé àlejò. Kò sọ pé òtẹ́ẹ̀lì kò gbọ́dọ̀ kọ ìwé. Ó sọ pé ìwé náà jẹ́ ti onílé ìtura, ara dúkìá òwò rẹ̀ ni, Àtúnṣe Kẹrin nínú ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tó ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìwádìí tí kò tọ́, sì bò ó. Nítorí náà, kí ẹ tó lè fìyà jẹ onílé ìtura pé ó kọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti láǹfààní láti gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ẹnì kẹta tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Lábẹ́ òfin Los Angeles, ọlọ́pàá tó fẹ́ ìwé náà ni ẹlẹ́jọ́, òun náà ni adájọ́, òun náà ló tún ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́.

Adájọ́ Sotomayor ṣe àkàwé kan tí n kò lè gbàgbé. Ó ní bí ọlọ́pàá bá yẹ ìwé òtẹ́ẹ̀lì kan wò nígbà mẹ́wàá lóòjọ́, lójoojúmọ́, fún oṣù mẹ́ta gbáko, tí wọn kò sì rí àṣìṣe kankan, bí onílé ìtura bá kọ̀ ní ìgbà tó tẹ̀lé e, ewu ara rẹ̀ ló fọwọ́ fà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tó lè wá nígbà mẹ́wàá lóòjọ́ lè wá nítorí ọ̀daràn. Ó tún lè wá nítorí pé ẹ kò “rí” òun ní ìparí oṣù.

Ohun tí ilé ẹjọ́ béèrè fún kò tiẹ̀ le. Ó ní ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ lè kọ ìwé ìbéèrè níbi tó dúró sí, irú èyí tí òfin wọn fàyè gbà fún aláṣẹ ìjọba, láìsí pé ó ń wá adájọ́ kiri lóru. Bí onílé ìtura bá gbà, ó parí. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì máa gbà. Bó bá kọ̀, yóò lè lọ síwájú adájọ́ kí ìyà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìdí bá wà láti rò pé ó fẹ́ ya ojú ìwé kan tàbí pa á rẹ́, ọlọ́pàá lè ṣọ́ ìwé náà títí ẹjọ́ á fi yanjú. Bí ọ̀ràn bá jẹ́ kánjúkánjú, ìlànà pàjáwìrì tó ti wà tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo ìjà ọdún wọ̀nyẹn, àyè díẹ̀ láàárín ọwọ́ ọlọ́pàá àti ìwé ni wọ́n ń wá.

Kí n má bàa dá ẹjọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnìkan, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn tó kọ̀. Olóògbé Adájọ́ Antonin Scalia ló kọ èyí tó gùn jù. Ó ní mòtẹ́ẹ̀lì ni ibi tí àwọn tó ń ta oògùn olóró, àwọn tó ń fi ara ṣòwò àti àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú fẹ́ràn jù, nítorí pé owó lásán ni wọ́n ń san, wọn kì í sì í pẹ́. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ọlọ́pàá lè yọjú nígbàkígbà, wọ́n á sá. Ó ní ìwé lásán ni ọlọ́pàá ń wò, kò wọ yàrá ẹnikẹ́ni. Ó tún rán wọn létí pé irú òfin yìí wà ní ìlú àti káúńtì tó lé ní 100 jákèjádò Amẹ́ríkà. Ó fẹ́ kí wọ́n ka iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì mọ́ àwọn iṣẹ́ tí ìjọba ń ṣọ́ lójú méjèèjì. Àwọn márùn-ún yòókù ní rárá: iṣẹ́ mẹ́rin péré ni ilé ẹjọ́ àwọn tíì kà mọ́ irú ìyẹn, ọtí títà, ìbọn títà, ìwakùsà, àti ibi tí wọ́n ti ń tú àlòkù mọ́tò. Fífún ènìyàn ní ibùsùn kò jọ ìkankan nínú wọn.

Èmi rò pé ọ̀rọ̀ Scalia ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nílẹ̀ tí ajínigbé ti ń gbé ènìyàn pamọ́, ẹni tó bá ní kí ọlọ́pàá má wo ìwé òtẹ́ẹ̀lì rárá kò fẹ́ràn ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá fún òfin kì í kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ lọ ṣí ìwé òtẹ́ẹ̀lì yín wò, kí ẹ wá sọ fún mi iye “Mr. Johnson” tó wà nínú rẹ̀. (Ẹ̀rín.) Orúkọ tòótọ́ tó wà níbẹ̀, ti ọmọlúàbí tó rìnrìn àjò wá ìsìnkú ló pọ̀ jù.

Ẹjọ́ Los Angeles, ẹ̀tọ́ onílé ìtura ló dá lé. Àlejò ńkọ́, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé? Ìpínlẹ̀ Washington, tó wà ní àríwá California lápá òkun, ti dáhùn ìyẹn ṣáájú, lọ́dún 2007. Ọlọ́pàá ń yẹ ìwé mòtẹ́ẹ̀lì wò níbẹ̀ láìní ẹnì kan pàtó lọ́kàn, wọ́n ń fi orúkọ kọ̀ọ̀kan wé orúkọ àwọn tí ilé ẹjọ́ ń wá. Wọ́n rí ọ̀kan, wọ́n wọ yàrá rẹ̀, wọ́n bá kokéènì. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ìpínlẹ̀ náà da ìdálẹ́bi ọkùnrin yẹn nù. Wọ́n ní ibi tí ènìyàn sùn àti ẹni tó bá a sùn síbẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ lábẹ́ ìwé òfin ìpínlẹ̀ àwọn, ọlọ́pàá kò sì lè máa tú u wò láìní ìdí.

Nípìínlẹ̀ yẹn kan náà, láàárín ọdún 2015 sí 2017, iléeṣẹ́ Motel 6 ń kó àkọsílẹ̀ àlejò rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú àwọn tí kò níwèé ìgbélùú, láìsí ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́. Nǹkan bí 80,000 àlejò ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì fẹ̀sùn kàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà máa ń fi àmì yí orúkọ tó bá ti dún bíi ti ará Látìn ká. Lọ́dún 2019 iléeṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 12 dọ́là. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lọ́hùn-ún, ẹ rò ó wò: orúkọ tó dún bíi ti Látìn lónìí, kí ló ní kó má jẹ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Olú tàbí Adé lọ́la? Ẹ kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó halẹ̀ ẹ̀wọ̀n mọ́ Motel 6. Ìdájọ́ ọdún 2015 kò sọ pé kí onílé ìtura má fínnúfíndọ̀ gbé ìwé sílẹ̀. Ìyẹn ni ihò tó kù lára ògiri náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé.

Lọ́dún 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Nàìjíríà dá ẹjọ́ kan láàárín ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, lórí ẹni tó láṣẹ láti forúkọ òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ kó sì fún un níwèé àṣẹ. Èkó ló jàre. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí òfin kan yóò bá wà lórí bí òtẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú, Abẹ́òkúta la ti máa ṣe é. Àwọn tí a lè lọ bá nílé ni wọ́n ń jókòó níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà lórí àga ní iwájú yìí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé mi ò rí òun.

Abala 37 nínú ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ìpè orí fóònù rẹ̀. Abala 45 sì ní ìjọba lè ṣe òfin tó yẹ láti dín in kù nítorí ààbò ìlú. Lọ́dún 2023 ni a tún ní òfin ìdáàbòbò dátà ènìyàn. Lójú òfin yẹn, ẹni tó gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àlejò ti di alámójútó wọn, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìdí tó bófin mu kó tó gbé wọn fún ẹlòmíràn. Ó fi àyè sílẹ̀ fún àwọn aláṣẹ tó ń wádìí ọ̀daràn, èyí tó yẹ. Ṣùgbọ́n onílé ìtura tó bá ṣẹ̀ sí i, bí òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tiẹ̀ kéré, ìtanràn lè tó mílíọ̀nù méjì náírà, tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ohun kan tún wà tó mú tiwa yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Lọ́hùn-ún, ẹ̀rí tí ọlọ́pàá bá gbà lọ́nà àìtọ́ sábà máa ń di ohun ìdànù, bíi ti kokéènì Washington yẹn. Níhìn-ín, òfin ẹ̀rí ọdún 2011 gba adájọ́ láyè láti wò ó lọ́tùn-ún lósì, kó sì gbà á wọlé bó bá rí i pé ó yẹ. Nítorí náà ẹ má rò pé ilé ẹjọ́ á bá yín tún ọ̀rọ̀ ṣe lẹ́yìn ọ̀la. Ohun tó bá bàjẹ́ nídìí tábìlì yẹn lóru, ó ṣeé ṣe kó bàjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni tìtorí ẹjọ́ Los Angeles dínà mọ́ ọlọ́pàá o! Ìdájọ́ ọ̀hún kò de ilé ẹjọ́ tiwa, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú pé kí n wá gba bẹ́ẹ̀lì máníjà yín. Ohun tí mò ń sọ ni pé, kí ìwé náà kọ́kọ́ kúrò ní gbangba. Òtẹ́ẹ̀lì tí àlejò tuntun ti ń ka orúkọ àlejò àná kí ó tó kọ tirẹ̀, kò sí àṣírí tó fẹ́ dáàbò bò níwájú ọlọ́pàá. Fún àlejò kọ̀ọ̀kan ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, kí o tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Obìnrin tó ń wá ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ọlọ́pàá, bó ti wù kó pariwo tó. (Ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin.)

Bí ọlọ́pàá bá dé, kí ọmọ iṣẹ́ kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó béèrè orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ àti tẹ́ṣàn tó ti wá, kó sì pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù lójú rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá ní ẹnì kan pàtó lòun ń wá, tó sọ ọ̀ràn tó ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ náà rọrùn: ojú ìwé ẹni yẹn ni kí ẹ fi hàn án, kì í ṣe ti gbogbo ilé. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ni wọ́n jí gbé, tí ẹ̀mí wà nínú ewu, ẹ má fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Ṣùgbọ́n bó bá ní gbogbo ìwé lòun fẹ́ wò, láti oṣù tó kọjá, tí kò sì sọ ìdí, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ ní kó mú ìwé wá láti tẹ́ṣàn tàbí ilé ẹjọ́, kí ẹ sì pe agbẹjọ́rò yín. Bó bá fi tipá gbà á, ẹ jẹ́ kó gbà á. Ẹ má bá ọlọ́pàá jà lóru. Ẹ kọ ohun tó mú lọ sílẹ̀, àti aago tó mú un.

Ní ti àwọn aṣòfin wa, ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí bá wọn sọ kò gùn. Bí ìpínlẹ̀ wa bá máa kọ òfin lórí ìwé àlejò, kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé onílé ìtura tó bá ní iyèméjì lè gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú májísíréètì láàárín wákàtí mélòó kan, kí ìwé wà ní ìṣọ́ títí dìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ ọn kó tó sọ tẹnu rẹ̀. Los Angeles ná owó àti ọ̀pọ̀ ọdún nílé ẹjọ́ kí wọ́n tó gbọ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì di ihò ti Motel 6 náà: kí òtẹ́ẹ̀lì má lè kó orúkọ gbogbo àlejò fún aláṣẹ kankan nítorí pé ó fẹ́ wà ní ìrẹ́pọ̀ pẹ̀lú wọn.

Mo ti kọ fọ́ọ̀mù kan ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, ojú ìwé kan péré: orúkọ ọlọ́pàá, nọ́ńbà rẹ̀, tẹ́ṣàn, ẹni tó ń wá, ohun tí a fi hàn án, aago, ìbuwọ́lù. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́, kó gba tirẹ̀ kó tó lọ jẹun, nítorí mo ti ń gbóòórùn ìkọ́kọrẹ́ láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, mo sì mọ̀ pé bí abọ́ bá ti dé, kò sẹ́ni tó máa rántí. Alága, mo ṣe tán láti gba ìbéèrè.